Ìyá wa ní «ẹ», àwa kọ «tu»

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iyì owó sẹ́fà sí ìdajì. Fàránkì ilẹ̀ Faransé kan, tí à ń fi 50 sẹ́fà gbà tẹ́lẹ̀, di 100 sẹ́fà. CM2 ni a wà nígbà náà, ní Kétu. Ohun tí a mọ̀ nínú ọ̀ràn náà kò ju pé oògùn àti òróró gbówó lórí, tí ìyá wa sì ní kí á mú bíìkì àti ìwé wá. Bàbá wa ń ṣòwò ní Abidjan. Lẹ́tà yá.

Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé tí bàbá wà lájò mọ iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí ó mọ̀wé ni akọ̀wé ilé. Ìyá yóò sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ọmọ yóò kọ ọ́ ní Faransé, nítorí òun nìkan ni ilé ìwé kọ́ ọ láti kọ. (Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Kétu, láti ọdún 1859 ni wọ́n sì ti ń tẹ ìwé ìròyìn ní Yorùbá níbẹ̀.) Ní òdìkejì, ẹni tí ó gbọ́ Faransé yóò túmọ̀ lẹ́tà padà sí Yorùbá fún bàbá tí kò kàwé. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, ẹnu mẹ́ta ni ó ń gbà kọjá.

Ohun tí ìyá wa sọ lọ́jọ́ náà ṣì wà létí wa. «Bàbá wọn, ẹ kú àjò, ẹ kú ìnáwó ilé. Owó tí ẹ fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ wa, Olúwa yóò fi òmíràn dípò rẹ̀. Ara àwọn ọmọ le. Ṣùgbọ́n ọjà kò rí bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ mọ́ o.» Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní: «Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀.»

Kò sọ pé owó kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ó ti tọrọ, ó sì ti dúpẹ́ kí ó tó tọrọ.

Àwa wá «ẹ kú ìnáwó ilé» ní Faransé, a kò rí i. A fò ó. A kọ pé: «Cher papa, l'argent que tu as envoyé ne suffit pas. Il faut envoyer encore.» Inú wa dùn, nítorí kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

«Tu» yẹn ni ó ba nǹkan jẹ́ jù. Nínú ìwé kíkà wa, bí ọmọ ṣe ń bá bàbá sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí aya ṣe ń bá ọkọ sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Àmì ìfẹ́ ni fún àwọn tí ó ni èdè náà. Ìyá wa kò fi «o» bá bàbá wa sọ̀rọ̀ rí lójú wa. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Abidjan túmọ̀ lẹ́tà náà, ohun tí bàbá wa gbọ́ ni pé: owó tí o fi ránṣẹ́ kò tó, o gbọ́dọ̀ fi òmíràn ránṣẹ́.

Oṣù mẹ́ta ni a kò fi gbúròó rẹ̀. Ìyá wa ta aṣọ òkè rẹ̀ méjì. Ìgbà tí bàbá wa wálé, àbúrò rẹ̀ mú àwọn méjèèjì jókòó, ó ní kí ìyá wa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Ó tún un sọ láti orí «ẹ kú àjò». Bàbá wa bojú wò wá. Kò bá wa wí. Ó ní kí á lọ bu omi wá.

Lónìí, WhatsApp ti gba iṣẹ́ akọ̀wé lọ́wọ́ ọmọ. Síbẹ̀, ní kíláàsì tí à ń kọ́, a ṣàkíyèsí pé Faransé ni àwọn ọmọ fi ń kọ̀wé sí ìyá wọn, ní gbólóhùn kúkurú. Bí ọ̀ràn bá wúwo, wọn a fi ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀, wọn a gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Yorùbá. Ọmọbìnrin kan béèrè owó pẹ̀lú «il me faut»; ìyá rẹ̀ fi ohùn dá a lóhùn pé: «Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀?» Ọmọ náà tún un sọ pẹ̀lú «ẹ jọ̀ọ́, màámi», owó sì dé kí ilẹ̀ tó ṣú.

A ti ń kọ́ wọn láti fi Yorùbá kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́, ní ọjọ́ Ẹtì. «Ẹ kú ìnáwó ilé» ni a kọ́kọ́ kọ sójú pátákó.