Kí a tó ta oko nítorí MBA ọmọ

Kò sí òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ òun ga ju òun lọ. Ìdí nìyí tí àwọn òbí kan fi máa ń wá ẹni tí yóò ra oko kòkó wọn ní kété tí ọmọ bá ti sọ pé òun fẹ́ lọ ṣe MBA. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń náwó lé lórí.

MBA ni oyè ìmọ̀ kejì ní yunifásítì nípa bí a ṣe ń darí ilé-iṣẹ́. Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1908. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwọn ìyálọ́jà wa: ìṣirò èrè àti àdánù, ìpolówó ọjà, ìkóso òṣìṣẹ́ àti bí a ṣe ń ṣọ́ owó ná. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, olùkọ́ á gbé ìṣòro tó dé bá ilé-iṣẹ́ kan kalẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á sì sọ ohun tí òun ì bá ṣe.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ni ẹni tí kò ṣiṣẹ́ rí yóò sọ? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ńlá fi ń béèrè pé kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ lè kọ́kọ́ wá iṣẹ́ ṣe, kí ó sì máa tọ́jú owó.

Kò dìgbà tí ọmọ bá kọjá òkun. Yunifásítì Ìbàdàn, ti Èkó àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ífẹ̀ ń kọ́ni ní MBA. Yunifásítì NOUN, tí ìjọba tún ṣí lọ́dún 2002, kò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní HND gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yunifásítì lè ní kí ó kọ́kọ́ ṣe PGD.

Ní ti òkè òkun, ọdún kan ni MBA sábà máa ń gbà ní Ìlú Ọba, ọdún méjì ni ní Amẹ́ríkà. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ ṣe MBA ní Ìlú Ọba kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání gẹ́gẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bákan náà, láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ gidigidi, owó oko kan lè má tó san ìdajì owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ẹ bi ọmọ yín ní ìbéèrè mẹ́ta: Irú iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi oyè náà ṣe? Ṣé àjọ NUC mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà? Ta ni yóò san owó tó bá ṣẹ́ kù? Bí kò bá rí èsì tó yè kooro fún wọn, ẹ jẹ́ kí ó ní sùúrù díẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kò ní sá lọ, ṣùgbọ́n oko tí a bá ti tà, ó dọwọ́ olówó.