Ìfófó ni àbí wíwú? Bí a ṣe lè sọ «bulle» ọjà ìpín ìdókòòwò ní èdè Yorùbá

Nínú ìwé ọrọ̀-ajé tí a kọ ní èdè Faransé, «bulle» ni wọ́n ń pe ìgbà tí iye owó ohun kan bá ga ju èrè tí ohun náà lè mú wá lọ. Ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ará Massè, ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, yóò kọ́kọ́ ronú kan «ìfófó», nítorí òun ni ìtúmọ̀ tààrà. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé «wíwú» dára jù ú lọ, àti pé ìyàtọ̀ àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì kò jìnnà sí ohun tí àwọn báńkì àpapọ̀ ń jiyàn lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí òṣùwọ̀n ọjà jẹ́, èyí tí àwọn elédè Faransé ń pè ní «indice». Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà Massè ń gbówó lórí kò ní wo àgbàdo nìkan. Yóò wo àgbàdo, gaàrí, epo pupa àti ata pọ̀, ohun tí owó rẹ̀ pọ̀ jù nínú ọjà ni yóò sì wúwo jù nínú ìṣirò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Nasdaq-100 rí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1985. Ó ń wọn ilé-iṣẹ́ 100 tó tóbi jù ní ọjà Nasdaq ní Amẹ́ríkà, láìka báńkì mọ́ wọn. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ló sì pọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ ńláńlá díẹ̀ lè gbé òṣùwọ̀n náà sókè nígbà tí ọ̀pọ̀ yòókù ń lọ sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2000, Nasdaq Composite, òṣùwọ̀n tó kó gbogbo ọjà náà pọ̀, dé 5,048. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí kò jèrè rí. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2002, ó ti já wá sí nǹkan bí 1,114. Ọdún 2015 ni ó tó padà sí ibi tó ti já. Alan Greenspan, tó jẹ́ olórí báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti fi ìbẹ̀rù rẹ̀ hàn nípa ìwúrí àwọn olùrà láti oṣù Kejìlá ọdún 1996. Síbẹ̀, ohun tó sọ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002 ni pé ó ṣòro púpọ̀ láti dá «bulle» mọ̀ kó tó bẹ́. Àwọn mìíràn, bíi William White tó wà ní báńkì àwọn báńkì àpapọ̀ ní Basel, kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí gbèsè àti iye owó bá jọ ń gòkè, kí báńkì àpapọ̀ ti fa ìjánu kí ó tó pẹ́ jù.

«Ìfófó» bá èrò Greenspan mu: a rí i, ó bẹ́, ó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe «wú» gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ a máa wú, orí a sì máa wú. Láti inú «wú» àti «orí» ni a ti rí «ìwúrí». Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló gbé ara ọjà àti ọkàn olùrà. Lóòótọ́, ìyẹ̀fun búrẹ́dì náà a máa wú, kò sì sí àìsàn níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ gbé «wú» sí ẹ̀gbẹ́ «sanra». Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú kò sanra. Ìyá rẹ̀ yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́: bí ojú ibẹ̀ bá jìn, tí kò sì tètè kún padà, ó mọ̀ pé wíwú ni. Gbèsè ni ìka tí White ní kí a fi tẹ ọjà: ṣé owó ara wọn ni àwọn olùrà fi ń rà, àbí owó yíyá?

Ìka yẹn ì bá ti wúlò ní Nàìjíríà. Àwọn báńkì ibẹ̀ ń yá àwọn ènìyàn lówó láti ra ìpín, títí kan ìpín àwọn báńkì fúnra wọn. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà Èkó dé nǹkan bí 66,371. Ní ìparí ọdún 2009, ó ti wá sí nǹkan bí 20,800. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2009, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà báńkì àpapọ̀, yọ olórí báńkì márùn-ún nípò, wọ́n sì ní láti kó nǹkan bí 400 bílíọ̀nù náírà sínú àwọn báńkì náà. Ìfófó tó bẹ́ kì í fi gbèsè sílẹ̀. Èyí fi í sílẹ̀.

Ní tiwa ní Bẹ̀nẹ̀, ọjà BRVM ni a ní, èyí tó ṣí ní Abidjan ní ọdún 1998 fún orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, bíi Sonatel ti Sẹ̀nẹ̀gàl, ló súnmọ́ ti Nasdaq jù níbẹ̀, wọ́n sì wúwo gan-an nínú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ohun tí BCEAO, báńkì àpapọ̀ wa ní Dakar, ń ṣọ́ ni kí ọ̀wọ́ngógó má jìnnà sí 2% lọ́dún. Oúnjẹ, ọkọ̀ wíwọ̀ àti ilé gbígbé ni èyí ń wọ̀n, kì í ṣe ìpín. Nítorí náà, ọjà ìpín lè wú nígbà tí owó àgbàdo kò yí padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ènìyàn wa. Ní ọdún 2010, ICC Services wó ní Bẹ̀nẹ̀, owó ìpamọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bá a lọ. Èyí kì í ṣe «bulle»: owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n fi ń san èlé ẹni tó ti wà níbẹ̀. Jìbìtì ni. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe méjèèjì, ẹni tó ti pàdánù yóò rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí olè níbì kan, owó òun kò lè ṣòfò níbẹ̀. «Jìbìtì» ń sọ ìwà ènìyàn. «Wíwú» ń sọ ipò ohun tó wà lóòótọ́. Ilé-iṣẹ́ gidi lè wú, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ gidi ṣe ń wú.

Àbá wa ni pé kí á lo «wíwú ọjà» fún «bulle», kí á sì lo «ìjálulẹ̀ ọjà» fún «krach». Bí olóòtú rédíò bá ń ka ìròyìn pé òṣùwọ̀n ọjà kan ti gòkè, èdè náà fúnra rẹ̀ yóò ti fi ìbéèrè tó yẹ sí olùgbọ́ lẹ́nu: ó sanra ni, àbí ó wú?