Ìkànnì Ìbápàdé Àwọn Olùwádìí: Bí Ó Ṣe Ń Ṣiṣẹ́, àti Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Ṣe Kí Iṣẹ́ Ilẹ̀ Wa Má Baà Sọnù Níbẹ̀

Ní 1956, ìwé tí E. G. Parrinder kọ lórí ìtàn Kétu jáde ní Ìbàdàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ńlá tí Édouard Dunglas ṣe lórí ìtàn àárín gbùngbùn ilẹ̀ Dahomey, tí ọ̀rọ̀ Kétu wà nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní èdè Faransé. Ilú kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ náà, ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò lè ka ti Dunglas, ẹni tó gbọ́ Faransé nìkan kò sì lè ka ti Parrinder. Ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàárín wa wọ inú ilé ìkàwé pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí a fi ń yin irú iṣẹ́ tí A. I. Asiwaju tẹ̀ jáde ní 1976, tó fi ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá wé ara wọn.

Lónìí, àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ kí olùwádìí lè rí olùwádìí láìka ààlà sí. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ló ń lò wọ́n. Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n lè ṣe fún wa, àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ fún wọn nìkan.

Àwọn tó dá wọn sílẹ̀

Ọdún 2008 ni méjì tó lókìkí jù bẹ̀rẹ̀. Ijad Madisch àti Sören Hofmayer, tí wọ́n jẹ́ oníṣègùn, pẹ̀lú Horst Fickenscher, tó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ló dá ResearchGate sílẹ̀. Ìlú Berlin ní Jámánì ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Richard Price, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Oxford, ló dá Academia.edu sílẹ̀, San Francisco ní Amẹ́ríkà sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí «edu» inú orúkọ yẹn tàn yín jẹ. Academia.edu kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ti forúkọ yẹn sílẹ̀ ní 1999, kí òfin tó fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ mọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ní 2001. Ilé-iṣẹ́ ajé ni àwọn méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ResearchGate ń gba owó ìpolówó, Academia.edu sì ń ta àwọn àǹfààní kan fún ẹni tó bá fẹ́ sanwó.

Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́

Bí o bá wọlé, wàá ṣí ojú-ewé tìrẹ. Wàá kọ orúkọ rẹ, fásitì tàbí ẹgbẹ́ tí o wà, àti ohun tí o ń wádìí. Wàá to àwọn àpilẹ̀kọ rẹ síbẹ̀, wàá sì yan àwọn tí o fẹ́ máa gbọ́ nípa iṣẹ́ wọn. Ìkànnì náà yóò máa sọ iye ènìyàn tó ka iṣẹ́ rẹ fún ọ, àti àwọn tó mẹ́nu bà á nínú ìwé tiwọn. Bí o kò bá rí ìwé kan, o lè kọ̀wé sí ẹni tó kọ ọ́ pé kó fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Atakpamé, tí ilé ìkàwé rẹ̀ kò lè ra ìwé ìròyìn ìmọ̀ olówó gọbọi, àǹfààní kékeré kọ́ lèyí.

Àwọn àtúnṣe tí a ti rí

Àwọn ìkànnì yìí kì í dúró sójú kan. Ní 2012, ResearchGate bẹ̀rẹ̀ sí í fún olùwádìí kọ̀ọ̀kan ní máàkì kan tí wọ́n ń pè ní RG Score. Àwọn olùwádìí ṣàròyé pé ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀, àti pé ẹni tó bá ń dáhùn ìbéèrè púpọ̀ lè ga ju ẹni tó ṣe iṣẹ́ gidi lọ. Ní 2022, wọ́n mú un kúrò. Ní 2023, wọ́n tún ti apá tí àwọn ènìyàn ti ń ṣàlàyé ìwádìí tí wọn kò tíì parí. Mendeley náà, tí Elsevier rà ní 2013, fòpin sí àwọn ẹgbẹ́ gbangba rẹ̀ ní òpin 2020.

Ọ̀rọ̀ òfin tún wà níbẹ̀. Ní 2013, Elsevier ní kí Academia.edu yọ àwọn àpilẹ̀kọ kan tí àwọn tó kọ wọ́n fúnra wọn gbé síbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ẹ̀tọ́ ìtẹ̀jáde di ti ilé ìtẹ̀wé. Ní 2017, Elsevier àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ti Amẹ́ríkà pe ResearchGate lẹ́jọ́ ní Munich. Ọdún 2023 ni wọ́n tó parí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú gbogbo èyí ni pé ọjà ni àwọn ìkànnì yìí. Ènìyàn ń pàdé ènìyàn lọ́jà, ṣùgbọ́n a kì í fi irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ sílẹ̀ sínú ìsọ̀ ẹlòmíràn. Àká ni irúgbìn ń gbé.

Ibi tí àká wà

Àwọn ibi ìpamọ́ kan wà tí kì í ṣe ti ajé. Faransé ti ní HAL láti 2001. CERN ní Switzerland dá Zenodo sílẹ̀ ní 2013, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Zenodo máa ń fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí kì í yí padà. Kọ́kọ́ fi iṣẹ́ rẹ pamọ́ sí irú ibẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí o wá polówó rẹ̀ lórí ResearchGate tàbí Academia.edu. Ka ìwé àdéhùn rẹ pẹ̀lú ilé ìtẹ̀wé kí o tó gbé ohunkóhun síta, torí ọ̀pọ̀ wọn máa ń gba ẹ̀dà tí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀ láyè, bí wọn kò tilẹ̀ gba tiwọn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ

Ibí yìí ni ìṣòro tiwa gan-an wà. Ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà ní Nàìjíríà sábà máa ń kọ ọ́ ní Adesina. Ní Bẹ̀nẹ̀, ó lè di Adéchina. Ẹ̀rọ ìwákiri kò mọ̀ pé orúkọ kan ni. Ìlú wa náà rí bẹ́ẹ̀: Kétu di Kétou, Ṣábẹ̀ẹ́ di Savè, Àjàṣẹ́ di Porto-Novo. Àwa fúnra wa ń jẹ́ Nago níhìn-ín, Ana tàbí Ifẹ̀ ní Tógò, Nagô ní Bùràsíìlì, Lucumí ní Kúbà. Ẹni tó bá wá «Yoruba» nìkan kò ní rí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Nítorí náà, gba nọ́ńbà ORCID, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni. Nọ́ńbà oní-ipò 16 yìí ni yóò so gbogbo iṣẹ́ rẹ pọ̀, bó ti wù kí wọ́n kọ orúkọ rẹ. Nínú àkópọ̀ àpilẹ̀kọ rẹ, kọ orúkọ ìlú ní gbogbo ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà kọ ọ́. Fi ìpínrọ̀ kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, òun ló sì máa jẹ́ kí ẹni tó wà ní Ìbàdàn rí ẹni tó wà ní Kétu.

Ohùn àwọn àgbà

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wà nínú ìwé UNESCO láti 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Gbangba ni a ti ń jó o, kò sì sí ohun tó burú nínú fífi ijó ọjà hàn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan mìíràn wà tí àgbà sọ fún olùwádìí nínú ilé, tí kì í ṣe fún ojú gbogbo ayé. Ohun tó bá ti bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé kó padà mọ́. Kí a tó gba ohùn bàbá tàbí ìyá sílẹ̀, ká sọ ibi tí yóò lọ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́. Ká kọ orúkọ wọn bí wọ́n bá fẹ́. Ká sì dá ẹ̀dà kan padà sí agbo ilé wọn.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ ká lo ọjà náà láti pàdé ara wa. Ẹni tó bá ní àpilẹ̀kọ kan lórí ìlú rẹ̀, kó mú un jáde lọ́sẹ̀ yìí, kó wo bóyá ọmọ ìlú náà tó wà lódì kejì ààlà lè fi orúkọ tí òun mọ̀ ọ́n sí wá a rí.