Fọ́ọ̀mù Ni Mo Ń Dán Wò, Kì Í Ṣe Ẹ̀yin

Ẹ ó rántí pé ní ìpàdé wa tí ó kọjá, wọ́n ní kí èmi akọ̀wé rélùwéè ṣe fọ́ọ̀mù kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tàbí iṣẹ́ ọwọ́ yóò fi fóònù rẹ̀ dáhùn. Ìdáhùn inú rẹ̀ ni ìgbìmọ̀ yóò wò kí wọ́n tó pín owó àyálò ẹgbẹ́. Iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ mi ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Agbor, fọ́ọ̀mù kò ṣàjèjì sí mi. Alẹ́ méjì ni mo fi kọ ọ́, ní èdè Yorùbá, ìbéèrè 24, mo sì rò pé kò sí àbùkù kan nínú rẹ̀.

Ọpẹ́lọpẹ́ akápò wa. Wọ́n ní kí n má tíì fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, kí n kọ́kọ́ mú un tọ àwọn díẹ̀ lọ, kí n jókòó tì wọ́n, kí n wo bí wọn yóò ti ṣe é. Inú mi kò dùn sí i, ṣùgbọ́n mo gbọ́ràn.

Ìyá wa kan tí wọ́n ń ta àdìrẹ lẹ́bàá Ugbor Road ni mo kọ́kọ́ lọ bá. Mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dáhùn èyí, kí ẹ sì máa fi ẹnu sọ ohun tí ẹ bá ń rò. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń dán wò o, fọ́ọ̀mù yìí ni.” Ibi tí mo ti béèrè iye òṣìṣẹ́, òdo ni wọ́n tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin wọn méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ká aṣọ, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan sì ń gbálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo pa ẹnu mi mọ́, ó sì ṣòro fún mi púpọ̀. Nígbà tí wọ́n parí ni mo tó béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, “Akọ̀wé, ṣé mo ń san owó oṣù fún ọmọ tí mo bí ni?”

Òdo yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní September 2020, nígbà àrùn kòrónà, ìjọba àpapọ̀ ṣí ìforúkọsílẹ̀ owó ìrànwọ́ tí wọ́n pè ní Survival Fund sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ wà fún sísan owó oṣù òṣìṣẹ́, ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá sì tó mẹ́ta kò lè wọ inú rẹ̀. Èmi kò sọ pé ṣọ́ọ̀bù màmá ì bá wọ̀ ọ́ o. Ohun tí mo ń wí ni pé nọ́ńbà kan ṣoṣo lè ya ẹni tí yóò gbà kúrò lára ẹni tí kò ní gbà.

Fọ́ọ̀mù mi tún béèrè ọjọ́, oṣù àti ọdún tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sì ti ṣe é débi pé ẹni tí kò bá kọ ọ́ pé kò lè kọjá. Màmá ní ọdún tí Abacha kú ni, èyí ni 1998. Ọjọ́ ńkọ́? Wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, àmì pupa ni ó ń yọ. Nígbẹ̀yìn wọ́n fi ọjọ́ ìbí àkọ́bí wọn sí i, wọ́n rẹ́rìn-ín, fọ́ọ̀mù sì gbà á. Irọ́ ni, èmi ni mo sì fi ipá mú wọn pa á.

Mo dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà wa. Ibi tí mo ti béèrè owó tí ó wọlé lọ́dún, ohun tí ó kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ìnáwó ni ó kọ. Ìyá tí ń se oúnjẹ àsè ka owó ìrẹsì àti ẹran oníbàárà mọ́ tiwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin onígbàjámọ̀ ní tirẹ̀ parí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, orí mi wú. Àṣé ohun tí ó bá wà lókè pátápátá ni ó ń tẹ̀ láìkà á, onígbàjámọ̀ wa sì ti di ẹlẹ́ja.

Mẹkáníìkì ni ó kẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ ni ó mọ owó ilé, ìyàwó sì ti lọ sí ọjà New Benin. Bí ó ti ní kí òun pè é, gbogbo ohun tí ó ti kọ pòórá. Ó dìde, ó ní òun ní ọkọ̀ láti tún ṣe.

Ibí yìí ni fọ́ọ̀mù ilé iṣẹ́ ti yàtọ̀ sí fọ́ọ̀mù ẹnìkan: ìdáhùn kì í sí lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo. Ní Amẹ́ríkà, ọdún márùn-ún márùn-ún ni ọ́fíìsì ìkànìyàn wọn, Census Bureau, ń ka àwọn ilé iṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti gba gbogbo ìdáhùn ti 2017. Àwọn náà máa ń gbé fọ́ọ̀mù tọ àwọn oníṣẹ́ lọ láti dán an wò, wọ́n sì ti rí i pé akọ̀wé owó a máa fẹ́ rí gbogbo ìbéèrè tẹ́lẹ̀, kí ó lè lọ bi àwọn ẹlòmíràn. Ilé iṣẹ́ ńlá ọ̀hún àti mẹkáníìkì Ugbor, wàhálà kan náà ni.

Ènìyàn márùn-ún péré, ẹ ó ní kò ha kéré? Ọ̀gbẹ́ni Jakob Nielsen, ọmọ Denmark, kọ ọ́ ní 2000 pé ènìyàn márùn-ún lè fi nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àṣìṣe hàn, àti pé ó sàn kí a tún un ṣe kí a sì wá márùn-ún mìíràn, ju kí a kó 15 jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò lò ó gan-an ni kí ó jẹ́. Bí mo bá ti mú akọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi márùn-ún, wọn ì bá yìn mí ni.

Mo tún ti béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ìjọba ní dandan. Ẹni mẹ́ta nínú márùn-ún kò ní in. Ìwádìí tí àjọ SMEDAN àti àjọ ìṣirò NBS gbé jáde ní 2021 ka iṣẹ́ kéékèèké àti ti agbedeméjì ní Nàìjíríà sí nǹkan bí mílíọ̀nù 39.6 ní 2020. Nǹkan bí mílíọ̀nù 38.4 nínú wọn jẹ́ irú ti màmá aláṣọ wa, tí òṣìṣẹ́ kò tó mẹ́wàá. Àwọn ni mo kọ fọ́ọ̀mù fún, bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ní ọ́fíìsì ni mo ṣe kọ ọ́.

Nísinsìnyí ìbéèrè ti di 15. Ti òṣìṣẹ́ kà báyìí: “Ènìyàn mélòó ni ó ń bá yín ṣiṣẹ́, yálà ẹ ń san owó fún wọn tàbí ẹ kò san? Ẹ ka ọmọ, ìyàwó àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mọ́ ọn.” Ọdún nìkan ni mo ń béèrè. Owó tí ó wọlé àti èyí tí ó kù ti di ìbéèrè méjì. Ẹni tí ó bá dúró lágbede méjì yóò bá ohun tí ó ti kọ níbẹ̀, a ó sì pín ìbéèrè náà lórí ìwé ní ìpàdé.

Mo tún ń wá ènìyàn márùn-ún mìíràn, pàápàá àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran kedere mọ́. Ìyá ìbejì wa, aránṣọ, tí ìwé ìròyìn yìí kí kú oríire ní oṣù tí ó kọjá, ti gbà kí n wá bá òun nílé. Ó ní ọwọ́ kan ni ó ṣí sílẹ̀ fún òun. Mo fẹ́ rí i bí ọwọ́ kan yóò bá tó o. Ààyè mẹ́rin ni ó kù.