Nígbà tí àgbàlagbà bá fẹ́ fi dúkìá rẹ̀ tọrẹ: bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ó lè dá ìpinnu náà ṣe

Àwọn kókó pàtàkì

• Gbogbo àgbàlagbà ni a gbọ́dọ̀ kà sí ẹni tí ó lè ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀, àyàfi bí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é.
• Ọjọ́ orí, àìmọ̀wé tàbí orúkọ àìsàn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.
• Ìpinnu kan pàtó, ní àkókò kan pàtó, ni àyẹ̀wò máa ń dá lé.
• Ọ̀pọ̀ ohun tí ń da ọkàn rú ni a lè tọ́jú. Bí ọ̀rọ̀ bá lè dúró, ìtọ́jú ni ó yẹ kí ó ṣáájú.

Àpẹẹrẹ kan

Opó ẹni ọdún 78 kan, tí ó ti ta aṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọjà Kejetia ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà, wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ gbóná, kò jẹun, kò sì mu omi tó. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ arábìnrin rẹ̀ tí ó ń tọ́jú rẹ̀ mú ìwé kan wá, pé ìyá náà fi ilé oníyàrá mẹ́fà rẹ̀ ta òun lọ́rẹ. Ó ní kí nọ́ọ̀sì ṣe ẹlẹ́rìí, kí ìyá náà sì tẹ̀ka. Nọ́ọ̀sì náà rántí pé ní òru àná, orúkọ arábìnrin rẹ̀ tí ó ti kú ni ìyá yìí fi ń pe òun. Kò fọwọ́ sí i. Dókítà ni ó lọ pè.

Ewu méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba ìtẹ̀ka náà nígbà tí ọkàn ìyá náà kò pa pọ̀, ó lè pàdánù òrùlé tí ó wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì sọ pé arúgbó tí ó ti ń ṣarán kò ní ẹnu ọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ohun tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ni agbára ìpinnu?

Òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales ṣe ní ọdún 2005 to ohun mẹ́rin lẹ́sẹẹsẹ: kí ènìyàn lóye àlàyé tí a ṣe fún un, kí ó lè rántí rẹ̀ títí ìpinnu yóò fi parí, kí ó lè gbé e yẹ̀ wò, kí ó wo èrè àti àdánù rẹ̀, kí ó sì lè fi ìpinnu rẹ̀ hàn, ìbáà jẹ́ ní ẹnu tàbí nípa mímì orí. Àgbàlagbà lè gbàgbé oúnjẹ tí ó jẹ lánàá, kí ó sì mọ̀ dájú ẹni tí ó fẹ́ fún ní oko rẹ̀.

Nínú ẹjọ́ Banks àti Goodfellow, tí a dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1870, ọkùnrin tí ó ṣe ìwé ìhágún gbà pé àwọn ẹ̀mí àìrí ń lépa òun. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ fara mọ́ ìwé náà, nítorí pé ìgbàgbọ́ yẹn kò ní ipa lórí bí ó ṣe pín dúkìá rẹ̀. Láti inú ẹjọ́ náà, tí àwọn adájọ́ Nàìjíríà pẹ̀lú ti tọ́ka sí, ni a ti mọ̀ pé olùhágún gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe àti àbájáde rẹ̀, kí ó mọ bí dúkìá rẹ̀ ti pọ̀ tó, kí ó rántí àwọn tí ó yẹ kí ó rò mọ́ ọn, kí àìsàn ọkàn má sì yí ojú rẹ̀ padà sí wọn. Bákan náà ni Òfin Ìhágún ti Gánà ti ọdún 1971 kò ka àìsàn ọkàn sí ìdènà, àfi bí kò bá jẹ́ kí ènìyàn lóye ohun tí ìwé ìhágún jẹ́ tàbí ohun tí yóò yọrí sí.

Ẹ̀bùn tí a ṣe lójú ayé ń kọ́? Ní ọdún 1978, nínú ẹjọ́ Beaney, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sọ pé bí ẹ̀bùn bá ṣe tóbi tó ni òye tí a ń béèrè ṣe gbọ́dọ̀ jinlẹ̀ tó. Òye díẹ̀ tó láti fi ìpẹ́lẹ́ kan ta ọmọ lọ́rẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ilé kan ṣoṣo tí ó ní sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lóye tó ti ẹni tí ó ń ṣe ìwé ìhágún.

Ohun tí ó lè da ọkàn rú

Ní ọdún 2021, ènìyàn mílíọ̀nù 57 ní àgbáyé ni ó ń gbé pẹ̀lú àrùn ìgbàgbé tí a ń pè ní dìmẹ́ńṣíà. Àrùn ọpọlọ ni. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́, kì í sì í ṣe dandan fún gbogbo arúgbó. Ẹni tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ àrùn náà ṣì lè ṣe ọ̀pọ̀ ìpinnu.

Ìdàrú ọkàn tí ó bá dé lójijì yàtọ̀. Ibà, àkóràn, àìmu omi tó, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀ tàbí oògùn kan lè fà á. Ó lè le ní òru kí ó sì rọlẹ̀ ní òwúrọ̀. Nígbà mìíràn, etí tí kò gbọ́ràn dáadáa tàbí ojú tí kò ríran ni a ń ṣì pè ní ọkàn tí kò pé.

Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe àyẹ̀wò

• Ẹ tọ́jú àìsàn kíákíá, kí ẹ sì yan àkókò tí ara aláìsàn bá balẹ̀.
• Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní èdè abínibí rẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ nínú dúkìá náà kò gbọ́dọ̀ ṣe ògbufọ̀.
• Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní òun nìkan.
• Ẹ má ṣe bi í ní ìbéèrè tí “bẹ́ẹ̀ ni” yóò tó fún. Ẹ ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé.
• Ẹ kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀ gan-an bí ó ṣe sọ wọ́n, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.

Ọkàn lè pé, kí ọwọ́ má sì wà ní òmìnira. Ẹni tí ń gba oúnjẹ àti oògùn lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo lè bẹ̀rù láti sọ pé rárá. Nítorí náà, ẹ wádìí bóyá ipá tàbí ẹ̀tàn wà níbẹ̀.

Ẹ̀tọ́ àti òfin

Àdéhùn Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn abirùn sọ nínú abala 12 pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù láti ní dúkìá àti láti jogún, kí a sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti lo ẹ̀tọ́ náà. Nàìjíríà àti Gánà ti fọwọ́ sí àdéhùn yìí. Òfin ìlera ọpọlọ tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin tí ó ti wà láti ìgbà ìjọba amúnisìn. Níbi tí òfin Ìsìláàmù ti ń ṣiṣẹ́, irú bí àríwá Nàìjíríà, a máa ń ka ẹ̀bùn tí ènìyàn ṣe nínú àìsàn ikú sí ìhágún, tí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ.

Ní Kumasi, ìtọ́jú ni dókítà fi ṣáájú. Ní ọjọ́ karùn-ún, ara ìyá náà ti tutù. Wọ́n fún un ní gíláàsì ojú rẹ̀, dókítà sì jókòó tì í ní òun nìkan, ó fi èdè Twi bi í pé: “Nana, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ fẹ́ ṣe sí ilé yín?” Ó ka yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni ó sọ pé òun fẹ́ kí ọmọ arábìnrin òun máa gbé inú yàrá méjì títí ayé rẹ̀, nítorí pé ó tọ́jú òun. Ṣùgbọ́n òun kò fi ilé tọrẹ.

Bí ó bá ti sọ pé gbogbo ilé ni òun fi fún un, tí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìpinnu rẹ̀ ni ìbá jẹ́, kódà bí inú àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá dùn sí i. Iṣẹ́ elétò ìlera kì í ṣe láti yan ẹni tí yóò ni ilé. Kí ohùn olóhun lè jáde ketekete ni iṣẹ́ rẹ̀.