Àwọn Òkè Ìdáàṣà

Ẹ̀yin ọmọ Kpoulou, ẹ wo ilẹ̀ wa. Ó tẹ́jú. Orúkọ ẹkùn wa ni Plateau. Ní èdè Faransé, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú.

Bí a bá wọ mọ́tò lọ sí apá àríwá, a ó dé ẹkùn mìíràn. Orúkọ rẹ̀ ni Collines, ìyẹn ni «àwọn òkè». Ibẹ̀ ni ìlú Ìdáàṣà wà. Ní èdè Faransé, wọ́n ń pè é ní Dassa-Zoumè. Èdè àwọn ará ibẹ̀ àti èdè wa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Òkè ló yí ìlú náà ká. Àwọn ènìyàn máa ń pè é ní ìlú òkè 41.

Kí ni wọ́n fi ṣe òkè wọ̀nyí? Akọ òkúta ni. Ṣé ẹ ti rí ẹ̀kọ nínú ìkòkò? Bó bá gbóná, ó ń ṣàn. Bó bá tutù, ó dì. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta yìí rí. Láyé àtijọ́, ó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ó gbóná, ó sì ń ṣàn. Díẹ̀díẹ̀ ló tutù, ó sì le.

Báwo ló ṣe wá yọ síta? Ẹ rántí ebè iṣu. Bí òjò bá rọ̀ títí, àgbàrá a wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, orí iṣu a sì yọ. Bẹ́ẹ̀ ni òjò àti afẹ́fẹ́ ṣe kó ilẹ̀ kúrò lórí òkúta náà, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ mílíọ̀nù ọdún.

Àwọn òkè yìí ti gba ènìyàn là. Nígbà tí ọmọ ogun Dahomey ń wá kó ènìyàn lẹ́rú, àwọn ará Ìdáàṣà máa ń sá gun òkè. Wọ́n ń fara pamọ́ sáàárín òkúta. Láti orí òkè, wọ́n ń rí ọ̀tá lókèèrè.

Lónìí, àwọn kan ń fọ́ òkúta ibẹ̀ láti fi kọ́lé. Òkúta náà wúlò. Ṣùgbọ́n iṣu tí a bá wa, a lè gbin òmíràn. Òkè tí a bá fọ́ tán kì í hù mọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ìtumọ̀ Plateau? Kí ni ìtumọ̀ Collines?
2. Kí ló kó ilẹ̀ kúrò lórí òkúta?
3. Kí ló dé tí àwọn ará Ìdáàṣà fi ń sá gun òkè?