Ìyára àti Owó Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé: Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Ìlá Wé London Láìṣìnà

Àwọn ará Ìlá-Ọ̀ràngún tó wà nílé àtàwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun máa ń bára wọn fa ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Èyí tó wà ní London á ní £30 péré lòun ń san lóṣù, òun sì ń lo íntánẹ́ẹ̀tì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èyí tó wà nílé á ní dátà òun ti fẹ́ tán, kí wọ́n yáa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kíákíá. Òótọ́ làwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ ọjà tí kálukú wọn ń rà yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá sáré fi owó kan wé èkejì láìkọ́kọ́ wo ọjà náà, ẹ ó ṣìnà.

Ẹ wo omi. Ilé tí omi ẹ̀rọ ti wọlé dé, bí páìpù ṣe tóbi sí ni omi á ṣe máa ya níbẹ̀. Owó oṣù ni onílé ń san, ẹnikẹ́ni ò ka garawa fún un. Ẹni tó ń ra omi ní kẹ́ẹ̀gì ńkọ́? Iye kẹ́ẹ̀gì tó rà ló máa sanwó rẹ̀, bó bá sì ti tán, ó tún di ríra. Ìyára íntánẹ́ẹ̀tì ni páìpù yẹn, dátà ni kẹ́ẹ̀gì. Páìpù ni wọ́n ń tà fún ilé ní London, kẹ́ẹ̀gì ni ọ̀pọ̀ jù lọ wa ń rà ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá àti ní Ọ̀rà. Okùn fáíbà tó ń wọ yàrá èèyàn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Káàdì SIM la fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, yálà ó wà nínú fóònù, nínú máífáì tàbí nínú ráútà.

Ìyára ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Mbps ni wọ́n ń kọ sára páálí, ìyẹn mílíọ̀nù bíìtì tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Láti ìsinsìnyí lọ, bí mo bá ní "ìyára 10", Mbps mẹ́wàá ni mò ń sọ. GB ni òṣùwọ̀n dátà, èyí tí gbogbo wa ń pè ní gíìgì.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń dojú rú nìyí: bíìtì ni wọ́n fi ń wọn ìyára, báìtì ni wọ́n fi ń wọn dátà, bíìtì mẹ́jọ ló sì wà nínú báìtì kan. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ gba fíìmù gíìgì kan lórí ìyára 10, 800 ìṣẹ́jú-àáyá ló máa gbà, ìyẹn ìṣẹ́jú 13 ó lé díẹ̀. Lórí ìyára 100, kò ní ju ìṣẹ́jú kan àti 20 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Bí fíìmù yín bá pẹ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ kọ́kọ́ fi mẹ́jọ sọ gíìgì rẹ̀ di púpọ̀ kí ẹ tó bá ẹni tó ta dátà fún yín jà.

Ìyára mélòó ló wá tó fún ilé kan? Ìdáhùn orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ gbé òdiwọ̀n tirẹ̀ sókè ní oṣù kẹta ọdún 2024, láti 25 sí 100 fún gbígbà, àti láti 3 sí 20 fún fífi ránṣẹ́. Ní Britain, láti oṣù kẹta ọdún 2020 ni òfin ti fún ilé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti béèrè fún ìyára 10, bí owó iṣẹ́ náà kò bá ti ju £3,400 lọ. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Nàìjíríà gbé kalẹ̀ fún ọdún 2020 sí 2025 ní tirẹ̀ sọ pé ìyára 25 ni ó kéré tán fún ìlú ńlá, 10 fún ìgbèríko. Ẹ rí i pé 10 ti ìgbèríko wa àti 10 tí òfin Britain sọ dọ́gba lórí ìwé. Àmọ́ ti Britain jẹ́ ohun tí onílé lè dìde béèrè, kí iléeṣẹ́ sì wá ṣe é fún un. Tiwa jẹ́ ohun tí ìjọba ní òun ń lépa. Bí ẹ bá ka irú nọ́ńbà báyìí, ẹ bi ara yín pé ta ló jẹ yín ní gbèsè rẹ̀.

Ó wá kan owó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a máa ń ṣẹ́ £30 sí náírà, ká wá pariwo pé íntánẹ́ẹ̀tì wọn wọ́n ju tiwa lọ. Ẹni tó ń san án kò gba owó oṣù rẹ̀ ní náírà. Iye wákàtí iṣẹ́ tí èèyàn máa ṣe kó tó rí owó náà ni kí ẹ fi wé ara wọn.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, owó iṣẹ́ tó kéré jù ní Britain fún ẹni tó ti pé ọdún 21 di £12.21 ní wákàtí kan. £30 kò tó iṣẹ́ wákàtí méjì àbọ̀, kí wọ́n tó yọ owó orí. Iṣẹ́ yẹn ti ra íntánẹ́ẹ̀tì oṣù kan fún gbogbo ilé, láìka gíìgì.

Ní Nàìjíríà, owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́: ó ń lọ sí bíi ₦398 ní wákàtí kan. Ètò ìjọba tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan sì ní kí gíìgì kan má ju ₦390 lọ. Ìyẹn ni pé, bí wọ́n bá tiẹ̀ ta dátà ní iye tí ìjọba fẹ́ gan-an, iṣẹ́ wákàtí kan gbáko ni gíìgì kan. Iṣẹ́ wákàtí méjì àbọ̀ tó ra oṣù kan ní London, gíìgì méjì àbọ̀ ló máa rà ní Ìlá.

Kí ni gíìgì méjì àbọ̀ lè ṣe? Netflix fúnra wọn sọ pé fíìmù tí àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere lè jẹ tó gíìgì mẹ́ta ní wákàtí kan. Bí ìdílé kan bá ń wò ó fún wákàtí méjì lálẹ́, gíìgì mẹ́fà nìyẹn, ó sì di 180 lóṣù. Ẹ fi ₦390 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦70,200. Gbogbo owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ti lọ, kò tiẹ̀ tó. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí a máa ń sọ pé àwọn ará ilé kò nífẹ̀ẹ́ sí kíkọ́ nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ fídíò ẹ̀kọ́ náà ń jẹ dátà bíi ti fíìmù ni. Ọmọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlá tó ń pa dátà fóònù rẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ṣọ́ owó ni.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún ìṣirò yìí. Dátà tí a ń rà máa ń ní ọjọ́ tí yóò kú: ti ojúmọ́ lè dà bíi pé ó pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà bá ti pé, èyí tó ṣẹ́kù ti bá a lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà gba àwọn iléeṣẹ́ láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, nítorí náà iye tí ẹ̀yin fúnra yín san ni kí ẹ fi ṣírò. Bí nẹ́pà bá sì mú iná lọ, epo jẹnẹrétọ̀ tàbí bátìrì tó ń gbé ráútà ró, owó íntánẹ́ẹ̀tì ni.

Ẹ padà sọ́dọ̀ ìyára. Èyí tí wọ́n kọ sára páálí àti èyí tó dé ọwọ́ yín lè jìn síra. Ní Britain, láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, ìyára tí iléeṣẹ́ bá ń polówó, ó kéré tán ìdajì àwọn oníbàárà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rí i láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Àkókò yẹn ni gbogbo ayé ń lò ó pa pọ̀. Ẹ̀yin náà, aago mẹ́jọ alẹ́ ni kí ẹ dán tiyín wò, kì í ṣe ìdájí nìkan. Ẹ lọ sí fast.com tàbí speedtest.net, ẹ dúró nítòsí ráútà, kí àwọn yòókù má lò ó fún ìgbà díẹ̀. Ẹ rántí pé ìdánwò náà ń jẹ dátà. Bí ìyára bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa jẹ tó, ẹ má sọ ọ́ di eré.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fi ń to orílẹ̀-èdè tẹ̀lé ara wọn, irú èyí tí Ookla, iléeṣẹ́ tó ni speedtest.net, máa ń gbé jáde, tí Singapore sábà máa ń wà lókè téńté. Wọ́n á to ìyára gbogbo àwọn tó ṣe ìdánwò láti orí èyí tó kéré jù, wọ́n á mú èyí tó bọ́ sí àárín gan-an. Àmọ́ àwọn ilé tó ní íntánẹ́ẹ̀tì onífáíbà ní Nàìjíríà, Èkó, Àbújá àtàwọn ìlú ńlá mélòó kan ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Nọ́ńbà tí wọ́n ní ó jẹ́ ti Nàìjíríà kò sọ púpọ̀ nípa Ìlá.

Kí ló fà á tí Èkó fi yá jù wá lọ? Etí òkun ni okùn ńláńlá tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá ń gúnlẹ̀ sí: MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2010, Equiano ti Google dé ní ọdún 2022. Láti etí òkun, ó ní láti gba orí ilẹ̀ wá sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kó bọ́ sórí òpó máàsì, kí òpó kan ṣoṣo sì pín in fún gbogbo àdúgbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí okùn mẹ́rin já lábẹ́ òkun ní ẹ̀gbẹ́ Côte d'Ivoire, a rí i níhìn-ín bí ọ̀nà náà ṣe gùn tó.

Orí ilẹ̀ gan-an ni owó ti ń gun owó. Bí iléeṣẹ́ bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ ri fáíbà, ìjọba ìpínlẹ̀ lè gba owó ojú ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan. ₦145 ni ìjọba àpapọ̀ àtàwọn gómìnà fohùn ṣọ̀kan lé ní ọdún 2013, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣì gba ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn náà. Ní ọdún 2020, Èkìtì padà sí ₦145. Kwara, níbi tí àwọn ará wa ní Ọ̀mù-Àrán àti Àjàṣẹ́-Ìpo wà, sọ ọ́ di náírà kan fún kìlómítà kan. Lójú tèmi, iye tí ìpínlẹ̀ tiwa máa gbà lórí mítà kan ló yẹ ká máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́dọ̀ wa ní Ìlá, ṣáájú ti káàdì dátà tó ń pín.

Ọ̀nà mìíràn gba ojú ọ̀run. Starlink dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, àwa la sì kọ́kọ́ rí i ní Áfíríkà. Sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè. Kí ìbéèrè yín tó lọ kí èsì tó bọ̀, ó ń lọ sí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, ohùn á sì máa gorí ohùn. Ti Starlink kò ju bíi 550 kìlómítà lọ. Ó yá, kò sì nílò máàsì. Àmọ́ kí wọ́n tó fi owó lé e, ₦38,000 ni oṣù kan ní ọdún 2024, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù ṣì jẹ́ ₦30,000, ká má tíì sọ ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ilé ìwé tàbí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí èèyàn púpọ̀ ti ń lò ó lè rí èrè níbẹ̀. Fún ìyá àgbà kan tó kàn fẹ́ rí ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Sunday, owó ńlá ni.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun tí ẹ fẹ́ ran ilé lọ́wọ́, ẹ má sáré fi ráútà ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fi sílé yín níbẹ̀, okùn tó wọlé ló ń lò, kò ní ibi tí SIM ń wọ̀. Èyí tó sì ní ibi SIM, wọ́n lè ti tì í mọ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ ní kí ẹnì kan nílé kọ́kọ́ fi fóònù dán SIM iléeṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta wò nínú yàrá tí wọ́n ti máa lò ó, ní aago mẹ́jọ alẹ́. Èyí tó bá yá jù níbẹ̀ ni kí ẹ ra ráútà rẹ̀, kí ẹ sì rà á ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti lè dá a padà bó bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́.